Ibi Tí Ojú Ọmọ Ń Lọ

Nígbà tí màmá mi wà láyé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bi í pé iṣẹ́ wo ni Bọ́lá ọmọ rẹ̀ ń ṣe ní Yábàá, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín. Á ní, "Ó ní òun ń wo ọmọ. Àwọn ọmọ ọ̀hún kì í sì í wò ó." Wọn á jọ fẹ̀rín ṣe é, wọn á wá ránṣẹ́ pè mí kí n wá fi ẹnu ara mi ṣàlàyé. N ò bínú sí i rí. Ká sọ tòótọ́, kò tíì sẹ́ni tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà kúkúrú tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bá mi ní Sùúrùlérè níbí, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa láti ṣe, ẹ jókòó dáadáa. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹnu mi ò ní ọ̀gá mọ́. Olùkọ́ ni mo jẹ́ fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ mọ ayé. Òmíràn nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá, òmíràn ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá wọn máa ń sunkún lé lórí jù ni ojú. "Ọmọ mi kì í wò mí." Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ jù láyé mi. Ojú yẹn ni mo fi ọjọ́ ayé mi wá kiri, mo sì rí i. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀, torí pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó dáa tí kò bá yangàn, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni yóò bá a fi yangàn.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi ò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà ká tó wọ mólúè. Iṣẹ́ ìjọba ò sí. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sọ pé obìnrin kan wà ní Yábàá, lójú ọ̀nà Màkókó, tó ń wá olùkọ́ tó ní sùúrù. Owó ibẹ̀ kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó tán.

Màdáámù ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà. Ìjẹ̀bú ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù kọ̀. Ó ga, ó gbẹ, aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣì ń retí rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Kò jágbe mọ́ ọmọ kankan rí. Àwa olùkọ́ ló ń jágbe mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé ṣọ́ọ̀kì dé, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ tuntun dé, mo sì lọ aṣọ mi dáadáa. Màdáámù gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

"Tí o bá ń kọ̀wé, ojú ẹ ti kúrò lára ọmọ nìyẹn." Ó na ọwọ́ sí ẹní kan ní igun yàrá. "Lọ jókòó síbẹ̀. Má pe ẹnikẹ́ni, má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ibi tí ojú wọn ń lọ ni kí o máa wò. Tá a bá ṣíwọ́, wàá wá sọ fún mi."

"Títí di ìgbà wo, mà?"

"Títí tí o ò fi ní bi mí pé títí di ìgbà wo mọ́."

Mo jókòó. Nígbà tí a ṣíwọ́, mo lọ sọ fún un pé àwọn ọmọ náà kì í wo ibì kankan. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ojú tó là, tí kò wo ibì kankan? Ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí? Padà wá lọ́la."

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló sì ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà kiri ìlú, tó bá sì lọ gba owó rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn oníbàárà ló máa lóṣòó sí, kò ní dìde títí wọn á fi dá a lóhùn. Ìjókòó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo lóṣòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bí bàbá mi ṣe ń lóṣòó ti oníbàárà. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀ fún mi, mo máa ń yí òrùka fàdákà tí màmá mi fún mi ká ìka mi, mo ń yí i, mo ń wò wọ́n.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í wo fáànù, àmọ́ tí kì í gbójú kúrò lára òjìji fáànù náà nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan máa ń na ìka rẹ̀ sí ojú fèrèsé, á máa wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ìka kọjá. Tí àgbàlagbà méjì bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ àbúrò mi nílé á wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á tún yí sí ojú ẹni tó fẹ́ dáhùn, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn tiwa yìí, bọ́tìnnì aṣọ wa ni wọ́n ń wò, tàbí yẹtí, tàbí ilẹ̀kùn tó ń mì lẹ́yìn wa. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n sì fi ń wò ó, bí ẹni tó ń yọjú wo ilé ẹlòmíràn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bákan náà o, ọmọ ìka ò dọ́gba. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó máa ń tẹjú mọ́ èèyàn títí ojú á fi tini.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tí mo bá kọjú sí wọn, ojú wọn á sá lọ. Tí mo bá yíjú sí ibòmíràn, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń wò mí. Òrùka mi ni wọ́n ń wò, tàbí ìka tó ń yí i. Lọ́jọ́ tí mo sọ èyí fún Màdáámù, ó mi orí fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n. Ohun tójú wá lójú ń rí."

Ìgbà yẹn ló wá kọ́ mi ní òfin ilé rẹ̀. "Má dúró sí iwájú ọmọ kí o máa pariwo pé 'wò mí, wò mí'. Lọ dúró síbi tí ojú ẹ̀ ń lọ. Tó bá ti ń bá ẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́, yóò gbà pé ìwọ náà wà láyé." Ẹ rántí pé nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ńṣe ni kéèyàn di àgbọ̀n ọmọ mú kó sì yí ojú rẹ̀ wálé. Ọmọbìnrin olùkọ́ kan tó dé lẹ́yìn mi ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ kan lójú Màdáámù. Màdáámù dìde wẹ́rẹ́, ó di àgbọ̀n olùkọ́ náà mú, ó sún mọ́ ọn títí imú fi fẹ́ kan imú, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi lé ròrò sójú olùkọ́ náà. Màdáámù wá fi í sílẹ̀.

"Kí ni mo sọ fún ẹ ní ìsinsìnyí?"

"N ò gbọ́ ọ, mà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Òun náà ò gbọ́ tìẹ."

Kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Gbogbo wa tí a wà níbẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe kan tó jẹ́ pé ilé Yorùbá nìkan ni mo rò pé wọ́n ti lè ṣe é. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Tí bàbá bá ń bá ọmọ wí, ilẹ̀ ni kí ọmọ máa wò. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bí irú àwọn ọmọ tiwa yìí, ìyìn ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Wọ́n á ní ó tutù, wọ́n á ní ó mọ ọ̀wọ̀. Ọdún á máa gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Bí ti Ráṣídì ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ilé àtijọ́ kan ní Mọ́ṣìn ni. Bàbá rẹ̀ ń wa àjàgbé lọ sókè Ọya, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàbá àgbà, Àlàájì, ni òfin ilé náà. Àlàájì fẹ́ràn ọmọ yìí ju gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ó máa ń fi í yangàn ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ẹ wá wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í gbójú sókè." Ìgbà tí ọmọ náà ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n tó rí i pé ọmọ tí kì í gbójú sókè wo Àlàájì, kì í gbójú sókè wo ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í wo ewúrẹ́, kì í wo ìyá tó bí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀.

Ìtìjú mú Àlàájì, ìtìjú náà sì di ìbínú. Ó ní ọkùnrin kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú tó máa ń de irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ igi títí orí wọn á fi wálé. Ìyá Ráṣídì bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, títí tó fi gbà pé kó gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀. Àlàájì ní, "Tí kò bá mọ ìyá ẹ̀ títí Iléyá, ọkùnrin yẹn á mú un lọ."

Lọ́jọ́ tí obìnrin náà mú un wá, òwú dúdú tó fi ń dirun ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ irun dídì ló ń ṣe lójúde ilé wọn. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Àǹtí, n ò ní kó máa ka ìwé o. Kó sáà wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí bàbá rí i."

Òfin mìíràn tí Màdáámù ní ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ lọ jókòó nílé ọmọ. Mo lọ sí Mọ́ṣìn lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá Ráṣídì ń di irun oníbàárà kan lórí àpótí, Àlàájì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ráṣídì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ògiri pátápátá. Ẹni tó bá wò ó fìrí á sọ pé ọmọ náà ò bá wọn sí níbẹ̀.

Èmi náà lóṣòó. Mo fi ara balẹ̀ wá ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ. Ẹyinjú rẹ̀ wà ní ìkángun ojú, ó ń wo ìka ìyá rẹ̀ bó ṣe ń yí òwú mọ́ irun, tó ń yí i, tó ń fà á le. Tí obìnrin náà bá dúró láti bá oníbàárà ṣàwàdà, Ráṣídì á bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara rẹ̀. Tí ìka bá tún bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ wọlé lọ se oúnjẹ, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń dirun sì gba irun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òwú kan náà, irun kan náà. Ọmọ náà wo ọwọ́ àlejò yẹn díẹ̀, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ayọ̀ mi kún. Mo sáré bá ìyá rẹ̀ nídìí iná.

"Ìyá Ráṣídì, ó ń wò yín o! Ọwọ́ yín ló ń wò. Ọwọ́ tiyín nìkan."

Kò yọ̀ rárá. Ó gbé omorogùn sílẹ̀. "Ọwọ́ kẹ̀? Àǹtí, ṣé ọwọ́ ni mo ní kó wò? Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Ìyá Ráṣídì."

Àlàájì ti gbọ́ láti ìta. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Tíṣà, ológbò ilé yìí náà máa ń wo ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹja. Ṣé kí n lọ fi í sílé ìwé yín ni?"

Àgbà ni. Ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ sínú.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí Ìyá Ráṣídì máa dúró tì wá láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Á jókòó sórí ẹní, á máa yí òwú mọ́ igi ìgbálẹ̀ kan. Á yí i, á dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá dúró, Ráṣídì á kàn máa mi ara rẹ̀. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó na ọwọ́, láìwo ẹnikẹ́ni, tó ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ni pé, máa ṣe é lọ. Mo wo Màdáámù, Màdáámù wò mí. Nǹkan tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀dá kan láyé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà á bí ẹni gba sẹ́ńjì tí kò pé.

Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò ti ń ké ní gbogbo àdúgbò. Òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú, ó sì wó apá kan ògiri ọgbà wa. A fi tábìlì dí i. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Àlàájì tẹ̀ lé ìyá ọmọ wá, ó wọ agbádá, ó wá sọ fún Màdáámù pé kó má retí ọmọ náà mọ́ lẹ́yìn ọdún. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n wà lórí rẹ̀ nígbà tí a ka àwọn ọmọ tí a kò rí Ráṣídì.

Ìyá rẹ̀ figbe ta. Àlàájì dìde, ó fẹ́ sáré síta láìmọ ọ̀nà tó máa gbà. Màdáámù nìkan ni kò gbóhùn sókè.

"Bọ́lá. Kí ló ń wò láti àárọ̀?"

Mo dijú. Mo rí ọmọ náà lọ́kàn mi: ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn, ó kọjú sí wa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wà níta. Kí ló wà níta? Àwọn tó ń ti ọmọláńkẹ́ ni, tí wọ́n ń kó gẹdú lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó létí ọ̀sà. Táyà ọmọláńkẹ́ ń yí, ó ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ọmọláńkẹ́, mà. Ó tẹ̀ lé táyà."

Ibi tí wọ́n ti ń la pákó kò jìnnà sí wa, a máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ wọn nínú kíláàsì. Ohùn yẹn la sáré tẹ̀ lé, èmi, Ìyá Ráṣídì àti Àlàájì tó fi ọwọ́ kan kó agbádá rẹ̀ jọ. Ẹsẹ̀ wa ń rì sínú ẹrọ̀fọ̀ àti lẹ́búlẹ́bú igi. Nígbà tí a dé abẹ́ páànù, mo rí i.

Ayùn roboto kan wà níbẹ̀ tó ga tó ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó ń yí, eyín rẹ̀ ti parẹ́ nínú yíyí náà, ó ń dán bí omi. Ráṣídì dúró tì í pẹ́kípẹ́kí. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó sì ti ń na ìka rẹ̀ sókè lọ sí i. Ọkùnrin tó ń ti igi sínú ẹ̀rọ wà ní òdìkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ó ń pariwo, "Pikin, comot for there! You no dey hear word?" Ẹnìkejì rẹ̀ sáré lọ pa ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ẹ́ńjìnnì náà wà ní ẹ̀yìn ilé.

Àlàájì lanu, ó kígbe orúkọ ọmọ náà, ó sì fẹ́ fò sí i. Mo di agbádá rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Bọ́lá, mo di agbádá Àlàájì mú, mo fà á sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá já lu ọmọ yẹn lójijì, yóò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ayùn ni yóò sì fò sí.

"Ẹ má pè é! Ìyá Ráṣídì, ọwọ́ yín! Òwú yín dà?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó wá wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, òwú wà níbẹ̀. Ó yé e. Mo nawọ́ sí ibi tí mo fẹ́ kó lọ, lápá ibi tí ìkángun ojú ọmọ wà, tó jìnnà sí ayùn. Ó rọra rìn débẹ̀, ó lóṣòó sínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ìró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí òwú mọ́ ìka ara rẹ̀ bó ṣe ń yí i mọ́ irun. Òwú já. Ó fa òmíràn. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ rẹ̀ rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ déédéé.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo ń wo ẹyinjú ọmọ náà. Ó wà lára ayùn. Ó wá síbi òwú, ó padà sára ayùn, mo sì ń pe Ọlọ́run nínú mi. Ó tún wá síbi òwú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró síbẹ̀. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀, ó rìn kúrò nídìí irin ńlá yẹn, ó lọ lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún ìyá rẹ̀, ó sì kọjú sí òkìtì pákó bó ṣe ń kọjú sí ògiri nílé.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ráṣídì na ọwọ́, ó ti ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. Máa ṣe é lọ. Ó ń ṣe é lọ, omijé ń dà sórí òwú, títí ẹ́ńjìnnì fi kú tí ibẹ̀ sì dákẹ́.

Fìlà Àlàájì ti bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, kò mú un. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ohun tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí nìyí?"

"Òun ni, bàbá."

"Ó fi nǹkan tó tóbi tó yẹn sílẹ̀." Ó tún sọ ọ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó fi í sílẹ̀."

Ìyá Ráṣídì ò gbórí sókè. "Ó mọ̀ mí, bàbá. Ó ti mọ̀ mí tipẹ́. Èmi ni n ò mọ̀."

Iléyá dé, ó kọjá, kò sẹ́ni tó mú Ráṣídì lọ síbì kankan. Odidi itan àgbò ni Àlàájì fi ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí mo tún lọ sí Mọ́ṣìn, mo bá a lórí ẹní, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà láìwò ó, ó ń yí tẹ̀sùbáà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ojú ọmọ lè dé. Mo bi í bóyá kí n bá a mú ológbò rẹ̀ lọ sílé ìwé wa. Ó ní kí n kúrò lójú òun, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ẹlẹ́nu mímú. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Irinṣẹ́ wa yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Agolo mílíìkì, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwòrán tí a gé lára kàlẹ́ńdà la fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá ti òkè òkun dé, òun ló sọ fún wa pé orúkọ ohun tí a ń rí ni ọ́tísìmù. Ó gbé kámẹ́rà fídíò wá, ó ya àwọn ọmọ, ó sì ń dá àwòrán náà dúró lórí tẹlifíṣọ̀n ká lè rí ibi tí ojú wọn wà. Màdáámù ti darúgbó nígbà náà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí dáa. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í tòògbé bíi Bọ́lá." Dókítà yẹn kọ́ wa ní ohun púpọ̀ tí a kò mọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ṣe ń dun àwọn ọmọ kan lára, àti bí ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ṣe lè fi káàdì alápèjúwe béèrè omi. Tí wọ́n bá mú iná lọ, a ó padà sí agolo mílíìkì. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, tí ọkọ̀ ò sí, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Sùúrùlérè dé Yábàá, n kì í sì í pẹ́ dé. Kọ̀ǹpútà ni àwọn olùkọ́ tí mo kọ́ ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, orí ẹní ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Màdáámù kú, èmi ló fi ilé ẹ̀kọ́ náà lé lọ́wọ́, mi ò sì yí òfin rẹ̀ kankan padà.

Ráṣídì ti di ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Ó ń ká òwú tí àwọn onídìrí ń rà ní Mọ́ṣìn, kò sì sẹ́ni tó ń ká a tó dọ́gba bíi tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún mi, òun àti ìyá rẹ̀ wá. Àwọn èèyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n sọ̀rọ̀ rere nípa mi. Mo gbádùn rẹ̀, ẹ má retí kí n parọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń yí òrùka màmá mi ká ìka mi bí ìṣe mi. Ráṣídì wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó kọjú sí fèrèsé. N ò wò ó. Mo mọ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí alága sọ pé iṣẹ́ mi ti parí, kí n lọ sinmi, ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà, ọwọ́ mi dúró. Gbogbo yàrá ń pàtẹ́wọ́. Mo wá mọ ọwọ́ kan lára ọwọ́ mi, tó tì í díẹ̀.

Mo nu ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka náà lọ.